Gìtá Báàsì Olówó Gọbọi: Ó Ha Tó Owó Rẹ̀ Bí?

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀wọ́n ni a ń ra ògo, ọ̀pọ̀ ni a ń ra ọ̀bùn. Òwe yìí ni àwọn tí ń ta ohun èlò orin fi ń gbé ọjà wọn lárugẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè mìíràn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Òun náà ni ó sì ń ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ta gìtá sínú gbèsè. Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lórí ohun èlò kan ṣoṣo, èyíinì ni gìtá báàsì, nítorí pé ìyàtọ̀ iye owó rẹ̀ pọ̀ dé ibi tí ó ń ya ni lẹ́nu. Ní ọjà Amẹ́ríkà lónìí, ènìyàn lè fi 200 sí 300 dọ́là ra gìtá báàsì titun kan tí a ṣe ní Indonéṣíà tàbí ní Ṣáínà. Ẹlòmíràn sì lè san ju 10,000 dọ́là lọ fún ọ̀kan tí àwọn oníṣẹ́ díẹ̀ fi ọwọ́ ṣe ní Brooklyn, ní ìlú New York. Okùn mẹ́rin ni èkíní ní. Èkejì pẹ̀lú lè má ní ju mẹ́rin lọ. Kí ni ẹni kejì rí rà tí ẹni èkíní kò rí?

Fún àǹfààní àwọn tí kò tí ì sún mọ́ ọn rí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́. Gbogbo ẹni tí ó bá ti dúró nínú ẹgbẹ́ akọrin rí ni ó mọ àwọn ọkùnrin tí ń kọ báàsì, tí ohùn wọn dàbí ilẹ̀ tí àwọn ohùn yòókù ń tẹ̀ rìn. Bí wọ́n bá ṣì í, gbogbo orin a mì. Iṣẹ́ kan náà ni gìtá báàsì ń ṣe láàárín àwọn ohun èlò. Okùn rẹ̀ tí ó nípọn jù lọ ń gbọ̀n ní ìwọ̀n ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó tínrín jù lọ sì ń gbọ̀n ní ìwọ̀n ìgbà 98. Kí ó tó dé, báàsì onígi ńlá tí ó ga tó ènìyàn ni àwọn olórin ń rù kiri, ohùn rẹ̀ a sì máa sọnù láàárín ìlù àti fèrè. Ní ọdún 1951 ni Leo Fender, ọkùnrin kan tí ó ti ń tún rédíò ṣe ní ìlú Fullerton ní California, gbé gìtá báàsì tí ó pè ní Precision jáde. Ó fún un ní orúkọ yìí nítorí pé àwọn irin tínínrín tí ó dábùú ọrùn rẹ̀, tí àwọn olórin ń pè ní fíréètì, ń jẹ́ kí ìka bọ́ sí ojú ohùn gan-an láìṣìnà.

Ẹ kíyè sí bí ó ti ń dún, nítorí lórí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn dúró lé. Ara rẹ̀ kò ní ihò bíi ti gìtá àtijọ́; pákó tí ó ki ni. Lábẹ́ àwọn okùn rẹ̀ ni a gbé òòfà sí, tí a sì fi wáyà bàbà tínínrín wé e ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Nígbà tí okùn onírin bá gbọ̀n lókè òòfà yìí, agbára iná mànàmáná kékeré a dìde nínú wáyà náà, a sì gba inú wáyà lọ sí áńpù, èyí tí ń mú un tóbi títí gbogbo ilé yóò fi gbọ́. Nítorí náà, ìgbọ̀n okùn ni òòfà ń gbọ́. Igi ní ipa tirẹ̀ tí ó ń kó, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ fún yín pé igi ni ó ń kọrin ti sọ àsọdùn.

Báwo wá ni àwọn olówó gọbọi ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ yìí? Ní ọdún 1965, Fender ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ CBS ní 13 mílíọ̀nù dọ́là. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ìkánjú ni a fi ń ṣe àwọn èyí tí ń jáde lẹ́yìn náà, pé igi wọn wúwo, pé ọrùn wọn kò wọ ara dáradára. Àwọn oníṣẹ́ kéékèèké rí àyè wọlé. Alembic, tí a dá sílẹ̀ ní California ní ọdún 1969 láàárín àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead, kọ́kọ́ ń tún gìtá àwọn ẹlòmíràn ṣe, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀rọ kékeré tí ń lo agbára iná tirẹ̀ sínú gìtá náà kí ohùn lè mọ́ gaara. Stanley Clarke ni ó sọ irú báàsì yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Anthony Jackson tọ Carl Thompson lọ ní New York pé kí ó ṣe báàsì olókùn mẹ́fà fún òun. Ní ọdún 1982, Hans-Peter Wilfer dá Warwick sílẹ̀ ní Jámánì. Ní ọdún 1983 ni Vinny Fodera àti Joey Lauricella bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Brooklyn, Victor Wooten sì wà lára àwọn tí ó gbé orúkọ wọn ga.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé arẹ́nijẹ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Wọn a yan igi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì fi í pamọ́ títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ. Wọn a lẹ igi mẹ́ta tàbí márùn-ún pọ̀ láti fi ṣe ọrùn kan, kí ó má baà tẹ̀. Wọn a fi ọwọ́ rẹ́ orí fíréètì kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn yóò fi dọ́gba. Iṣẹ́ yìí ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, owó ọ̀yà àti owó ilé ní New York kì í sì í ṣe kékeré. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí a máa gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọrùn ní ọjọ́ kan, gbogbo wọn a sì jọra. Nítorí náà, iye owó tí a kọ sára gìtá olówó gọbọi jẹ́ òótọ́. Ó ń sọ iye wákàtí tí ènìyàn lò lórí rẹ̀ fún wa. Àṣìṣe olùrà ni pé ó ń ka iye wákàtí yìí sí ìwọ̀n adùn ohùn. Gìtá 9,000 dọ́là lè gba iṣẹ́ ìlọ́po 30 ti gìtá 300 dọ́là, ṣùgbọ́n etí ta ni yóò gbọ́ adùn ìlọ́po 30?

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí orin wọn kò parun. Ní ọdún 1961, ní ìlú Hamburg ní Jámánì, Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles ra báàsì Höfner kan ní ìwọ̀n 30 pọ́n-ùn. Fender ń bẹ lọ́jà nígbà náà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ó ra èyí tí apá rẹ̀ ká, àti nítorí pé ìhà méjèèjì rẹ̀ dọ́gba, tí kò fi ní burú lójú nígbà tí òun tí í ṣe ọlọ́wọ́ òsì bá yí i padà. Irú báàsì yẹn ni a ń gbọ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tí wọ́n kọ ní ìbẹ̀rẹ̀.

James Jamerson ńkọ́? Ọkùnrin yìí ni ó ta báàsì sínú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn orin tí ó sọ ilé-iṣẹ́ Motown di olókìkí ní ìlú Detroit. Precision ti ọdún 1962 ni ó ń lò, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ilé ìtajà, kò sí ohun àrà kan lára rẹ̀. Kò fẹ́ràn láti pààrọ̀ okùn. Bí okùn bá ti gbó tí ìdọ̀tí sì wọ̀ ọ́ lára, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dùn mọ́ ọn. Ìka kan ṣoṣo ni ó fi ń ta á lọ́wọ́ ọ̀tún, tí wọ́n sì sọ ìka náà ní ìkọ́. Nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wọn, a ń so gìtá rẹ̀ tààrà mọ́ ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀, láìgba inú áńpù kankan. Títí di òní, àwọn tí ó ní gìtá olówó iyebíye ń jókòó ti orin ọkùnrin yìí láti fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni Jaco Pastorius, ẹni tí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1976. Báàsì Jazz ti Fender, ti ọdún 1962, ni òun náà ń lò. Kò ní fíréètì mọ́. A ti yọ gbogbo wọn kúrò, a dí ojú wọn, a sì fi ọ̀dà líle tí a fi ń kun ọkọ̀ ojú omi kun ọrùn rẹ̀. Ohùn tí ó ti inú igi tí a tú palẹ̀ yìí jáde ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ gìtá ti ń sá tẹ̀lé láti ọjọ́ náà wá.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹni tí ń ronú àtira olówó ńlá kò gbọdọ̀ fojú fò. A jí gìtá wọn. Ti McCartney lọ ní ọdún 1972, kò sì rí i mọ́ títí ìròyìn fi kàn ní ọdún 2024 pé ó ti padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ti Pastorius sọnù ní ọdún 1986, ọdún kan kí ó tó kú. Ó tó ìwọ̀n 20 ọdún kí a tó tún gbúròó rẹ̀. Ti Jamerson lọ ní ọdún 1983, nígbà tí ikú rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, a kò sì rí i mọ́. Olórin kì í fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílé. Inú ọkọ̀, ẹ̀yìn pèpéle àti ilé àlejò ni ó ń sùn. Ẹni tí ó bá fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ ra ohun tí a lè fi ọwọ́ kan gbé lọ ní láti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè dáhùn pé, ẹ̀bùn àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni ó bo àléébù ohun èlò wọn, àti pé etí tí ó bá dá pé yóò mọ ìyàtọ̀. Èsì tí ó dára jù lọ fún èyí ti ọ̀dọ̀ àwọn ti fayolíìnì wá. Ní ọdún 2010, ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, Claudia Fritz àti Joseph Curtin pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó fayolíìnì mẹ́fà jọ: mẹ́ta titun, mẹ́ta àtijọ́ tí Stradivari àti Guarneri ṣe, tí iye àwọn àtijọ́ mẹ́ta náà sì tó ìwọ̀n ìlọ́po 100 iye àwọn titun. Wọ́n fi awò dúdú bo ojú àwọn olórin 21, wọ́n sì ní kí wọ́n ta wọ́n. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè èyí tí wọn ì bá mú lọ sílé, 13 nínú wọn mú titun. Wọ́n tún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣe ní ẹ̀bá Paris ní ọdún 2012 pẹ̀lú ọ̀gá olórin mẹ́wàá, mẹ́fà nínú wọn sì tún yan titun. Fayolíìnì kì í ṣe gìtá báàsì, n kò sì fẹ́ fi ọ̀kan ṣe èkejì. Ṣùgbọ́n fayolíìnì ni ohun èlò tí igi rẹ̀ ń kọrin ní tòótọ́, tí kò ní òòfà, tí kò ní áńpù. Bí ojú bá ń tan etí jẹ lórí èyíinì, mélòómélòó ni lórí pákó tí ó ki!

Ọ̀rọ̀ igi yìí gba kí a dúró díẹ̀, nítorí òun ni a fi ń gba owó jù lọ. Òótọ́ ni pé ọrùn tí ó bá rọ̀ jù a máa gba agbára lọ́wọ́ okùn. Lórí ọ̀pọ̀ báàsì, ibì kan wà lórí okùn tí ó tínrín jù lọ, láàárín fíréètì 5 sí 7, tí ohùn ti máa ń kú kíákíá bí ẹni pé a fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ọrùn ni ó ń bá okùn gbọ̀n níbẹ̀. Ọrùn tí a fi igi púpọ̀ lẹ̀ pọ̀ lè dín in kù, èyí sì jẹ́ iṣẹ́ tí ó yẹ kí a sanwó fún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a rí ìkú ohùn yìí lára àwọn olówó gọbọi pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n igi tẹ́ẹ́rẹ́ aláràbarà tí a lẹ̀ mọ́ iwájú gìtá, tí ó ní àwòrán bí omi tí ń ru, ojú nìkan ni ó wà fún. Ẹ gbọ́ ohun tí Bob Taylor, tí í ṣe oníṣẹ́ gìtá ní Amẹ́ríkà, sọ nígbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Spéènì kan ra ilé ìlagi kan ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù ní ọdún 2011. Ó ní àwọn agégi ń gé igi ẹ́bónì bíi mẹ́wàá lulẹ̀ kí wọ́n tó rí ọ̀kan tí inú rẹ̀ dúdú kọrọ. Wọ́n á sì fi àwọn tí ó ní ìlà funfun sílẹ̀ nínú igbó láti jẹrà, nítorí pé àwọn olùrà kò fẹ́ wọn. Ohùn méjèèjì kò yàtọ̀. Àwọ̀ ni a ń rà, igbó Áfíríkà ni ó sì ń san lára owó rẹ̀. Láti ọdún 1992 ni àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní CITES ti fi òfin líle de igi rosewood ti Bràsíìlì. Ní ọdún 2017 ni ó nà án dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà rosewood yòókù, kí ó tó yọ̀ǹda ohun èlò orin tí a ti ṣe parí ní ọdún 2019.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí owó ńlá kò ṣòfò lọ́wọ́ wọn. Anthony Jackson kò ra ògo. Ohun tí kò sí lọ́jà ni ó rà. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe irú báàsì tí ó ń gbọ́ lọ́kàn rẹ̀, nítorí náà ó di dandan pé kí ẹnìkan fi ọwọ́ ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí èjìká ń dùn tí ó sì ní láti dúró wákàtí mẹ́rin lóru, tí ó wá ń fẹ́ gìtá fúyẹ́ tí a wọ̀n mọ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń jẹun nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, tí ariwo wùùùù inú wáyà lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irinṣẹ́ ni fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀rọ ìránṣọ ti jẹ́ fún aránṣọ. Ohun mìíràn tí a kò fi bẹ́ẹ̀ ń rò ni pé owó àwọn tí ó kọ́kọ́ rà ni ó kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lọ́gbọ́n. Ẹ̀rọ oníbátìrì tí Alembic fi ń gba owó ńlá wọ inú báàsì StingRay ti Music Man ní ọdún 1976, tí a ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Báàsì olókùn márùn-ún tí ó jẹ́ àrà ọ̀tọ̀ nígbà náà, ó wà lónìí láàárín àwọn tí owó wọn rọjú jù lọ. Ẹni tí ó bá ra ti 300 dọ́là lónìí ń jẹ nínú èrè ohun tí àwọn ẹlòmíràn ná.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sílé, nítorí gìtá báàsì ti wọ ọ̀pọ̀ ilé ìsìn wa, a sì ń gbọ́ tí àwọn ìgbìmọ̀ ń jiyàn lórí rẹ̀. Kí ìjọba Nàìjíríà tó jọ̀wọ́ owó náírà ní oṣù June 2023, iye dọ́là kan kò ju ìwọ̀n 460 náírà lọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 2024 ó ti kọjá 1,500. Gìtá 10,000 dọ́là tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 4.6 náírà tẹ́lẹ̀ wá di mílíọ̀nù 15. Ní ọdún 2024 kan náà, a fi owó oṣù tí ó kéré jù lọ sí 70,000 náírà. Ẹni tí ń gba iye yẹn yóò kó gbogbo owó rẹ̀ jọ fún ìwọ̀n ọdún 18, láìjẹ, láìmu, kí ó tó rà á. Gìtá 250 dọ́là pàápàá jẹ owó rẹ̀ oṣù márùn-ún àti ààbọ̀ tán. Ojú ọjọ́ tiwa pẹ̀lú kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ọyẹ́ a mú kí igi sún kì, òjò a mú kí ó wú, ọrùn a sì tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Nígbà náà ni a ó lo ọ̀pá irin tí ó wà nínú ọrùn láti mú un tọ́. Gìtá kékeré tí ọlọ́gbọ́n ọwọ́ bá tún tò ní àtúntò, tí okùn rẹ̀ sún mọ́ fíréètì bí ó ti yẹ, a máa rọrùn láti ta ju ti olówó ńlá tí a pa tì lọ. Èyí tí ó ní bátìrì nínú, bí bátìrì náà bá kú láàárín orin, tí kò sì ní bọ́tìnì tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, gbogbo ohùn rẹ̀ a dákẹ́. Bí ìjọ kan bá sì ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, èrò tèmi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ra áńpù tí ó dára. Báàsì tí ó rẹwà tí a so mọ́ áńpù tí ẹnu rẹ̀ ti ya yóò ké bí agolo òfìfo ni.

Ẹni tí ó bá sì ti pinnu láti rà, kí ó mú ọ̀rẹ́ kan dání lọ sí ilé ìtajà. Kí ó di ojú rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ náà máa gbé gìtá lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, olówó ńlá àti olówó kékeré, láìdárúkọ, kí gbogbo wọn sì gba inú áńpù kan náà. Kí ó tẹ gbogbo fíréètì orí okùn tínínrín níkọ̀ọ̀kan, kí ó fi etí sílẹ̀ fún ibi tí ohùn bá ti kú. Kí ó gbé e kọ́ èjìká fún ìwọ̀n ìdajì wákàtí, kí ó mọ̀ bí orí rẹ̀ bá ń fà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó la ojú, kí ó sì béèrè iye rẹ̀.